Sísá Pamọ́: Ṣé Ọgbọ́n Ni, Tàbí Ìwà Ojo?

  

Ẹnu ọmọdé ni a ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Ọmọ ọmọ wa kan tí ó wà ní ilé-ìwé girama gbé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ wá bá wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Olùkọ́ wọn ní kí wọ́n wá ìtumọ̀ àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì mẹ́wàá, kí wọ́n sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gbólóhùn. Ọmọ náà ti ṣe mẹ́sàn-án fúnra rẹ̀. Èyí tí ó dí i lọ́wọ́ ni "run for cover". Inú wa dùn, nítorí ẹni tí ó fi ọdún tí ó lé ní ọgbọ̀n mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ kì í gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. A ní kí ó jókòó, a sì wí fún un pé, "Ó túmọ̀ sí kí ènìyàn sá àsálà, kí ó wá ibi forí pamọ́ sí." Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ojú sókè, ó ní, "Màmá, ẹni tí ó sá yẹn, ṣé ó ṣe dáadáa ni, àbí kò ṣe dáadáa?"

Ẹ̀yin ènìyàn wa, a kò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀. A ní kí ó lọ jẹun ná. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò jẹ́ kí a tètè sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Kí a tó parí ọ̀rọ̀ yìí, a ó sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ olùkọ́. "Cover" ni ohunkóhun tí ó bo nǹkan: ìdérí ìkòkò, ẹ̀yìn ìwé, aṣọ ìbora. Àwọn ọdẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a tún máa lò ó fún igbó dídí tí ẹran ń sá wọ̀ nígbà tí ajá bá ń lé e. Ní ti àwọn ọmọ ogun, ògiri, òkúta tàbí kòtò tí ọta ìbọn kò ti lè ba ènìyàn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni a sábà máa ń bá ọ̀rọ̀ forí-pamọ́ yìí pàdé nínú èdè wọn.

Èkíní ni "take cover". Àṣẹ tàbí ìkìlọ̀ ni. Ọ̀gá ológun a pa á fún ọmọ ogun. Ẹni tí ó ń ka ìròyìn ojú ọjọ́ a sọ ọ́ fún ará ìlú nígbà tí ìjì ńlá bá ń bọ̀. Kò sí ẹ̀gàn kankan nínú rẹ̀. Ẹni tí a kìlọ̀ fún báyìí tí kò wá ibi forí pamọ́ sí, olóríkunkun ni.

Èkejì ni "run for cover", tí ọmọ wa béèrè. Òun náà lè jẹ́ eré sísá gidi: òjò ńlá dé, àwọn òǹtajà kó ọjà, wọ́n sá sábẹ́ òrùlé. Ṣùgbọ́n àwọn Gẹ̀ẹ́sì a tún máa fi ọ̀rọ̀ náà gún ènìyàn lára. Bí owó ìjọba bá sọnù, tí ìwé ìròyìn sì gbé e jáde, tí ọ̀gá kan kò gbé fóònù mọ́, tí èkejì ní ara òun kò yá, tí ẹ̀kẹta ní òun kò sí nílé lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé, wọn a ní àwọn ọ̀gá wọ̀nyí ti "run for cover". Òjò kò rọ̀, ìbọn kò dún. Ẹ̀bi ni wọ́n ń sá fún. Ẹ bá wa sọ fún àwọn ọmọ pé a kì í fi "s" sí ìdí rẹ̀ o. Lọ́dọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa ń kọ "run for the covers", tí a ó sì fi yíǹkì pupa fa ìlà sí i, nítorí "the covers" ni aṣọ ìbora orí ibùsùn. Ẹni tí ó bá sá lọ síbẹ̀, oorun ni ó ń wá.

Ẹ̀kẹta ni "keep your head below the parapet". Ọ̀rọ̀ yìí mú wa rántí Ogun Àgbáyé Kìíní, láti 1914 sí 1918. Ní ilẹ̀ Faransé àti Bẹ́ljíọ̀mù, àwọn ọmọ ogun gbẹ́ yàrà gígùn, inú rẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Òkìtì iyẹ̀pẹ̀ àti àpò yanrìn tí wọ́n tò sí etí yàrà, ní ìhà ọ̀dọ̀ ọ̀tá, ni "parapet". Atamátàsé ọ̀tá ń ṣọ́ ẹni tí yóò yọ orí kọjá ibẹ̀. Lónìí, bí ẹnì kan bá rí ohun tí kò dára ní ibi iṣẹ́, tí ó sì dákẹ́ kí wọ́n má baà dójú sọ òun, àwọn Gẹ̀ẹ́sì a ní ó rẹ orí sílẹ̀ sábẹ́ òkìtì náà.

Àwa Yorùbá kò ṣaláìní ọ̀rọ̀ fún gbogbo èyí. Kódà, tiwa ya ara wọn sọ́tọ̀ ju tiwọn lọ. Ẹni tí ó sá kúrò lójú ikú, a ní ó sá àsálà. Ẹni tí ó lọ bá alágbára kí ó lè rí ààbò, a ní ó sá di í. Ẹni tí ó wọ kọ̀rọ̀ kí wọ́n má baà rí i, ó fara pamọ́. Ẹni tí ó dúró de òru kí ó tó ṣe ibi, ó fi òkùnkùn bojú. Ẹni tí ó mú ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ayé gbọ́, tí ó tẹ̀ ẹ́ rì, ó bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n "cover" kan náà ni ó wà nínú "take cover", nínú "under cover of darkness" àti nínú "cover up". Ìdí nìyí tí ìbéèrè ọmọ náà fi le. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ ti ìyá tí ó gbé ọmọ sá fún ikú ni wọ́n tún fi ń sọ ti ọ̀gá tí ó sá fún ẹ̀bi.

Sísá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀

A kò gbọdọ̀ gbàgbé èyí, nítorí àwọn kan wà nínú wa tí wọ́n rò pé gbogbo ẹni tí ó bá sá ni ojo. Àwọn baba wa kò rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àgbà tí ó rí ejò tí kò sá, ara ikú ni ó ń yá a. Wọ́n tún ní akínkanjú tí ó mọ ìjà, tí kò mọ̀ ọ́n sá, ni í bá ogun lọ. Nígbà tí ogun lé àwọn Ẹ̀gbá kúrò nílé ní nǹkan bí ọdún 1830, abẹ́ àpáta Olúmọ ni wọ́n forí pamọ́ sí. Kò sí ẹni tí ó pè wọ́n ní ojo. Wọ́n fi ibi ìsádi náà sọ ìlú lórúkọ, Abẹ́òkúta, wọ́n sì ń fi í yangàn títí di òní. Wòlíì Èlíjà pàápàá sá fún Jésébẹ́lì, Ọlọ́run kò sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nínú ẹgbẹ́ yìí ju bí a ti rò lọ. Bí ìyàwó kan bá sá wá bá wa lóru, tí ojú rẹ̀ wú nítorí pé ọkọ lù ú, kí ni a máa ń sọ fún un? Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a máa ń ní, "Mú sùúrù, padà sílé ọkọ rẹ, obìnrin rere kì í kó jáde." Obìnrin náà sá fún ìjì, àwa sì ṣílẹ̀kùn, a wò ó lójú, a tì í padà sínú ìjì. Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra. Sùúrù dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu, ibi ìsádi ni ó ń wá, kì í ṣe ìwàásù. Kí a gbà á sílé, kí a fún un ní omi gbígbóná àti oúnjẹ, kí a mú un lọ sí ilé ìwòsàn, kí ilẹ̀ sì mọ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀.

Àtẹ̀gùn mọ́kàndínlógún

Bí a ti ń rò ó lálẹ́ ọjọ́ náà, ìtàn kan tí a ti kà rí wá sí wa lọ́kàn. Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè náà, ni ó ti ṣẹlẹ̀, nígbà tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń sá fún bọ́ǹbù lóòótọ́.

Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1940 ni ọkọ̀ òfurufú Jámánì ti ń ju bọ́ǹbù sí ìlú náà lóru. Bí fèrè ìkìlọ̀ bá ti dún, tí ohùn rẹ̀ ń lọ sókè tí ó ń bọ̀ wálẹ̀, gbogbo ènìyàn a wá ibi forí pamọ́ sí. Àwọn tí ó ní ọgbà lẹ́yìn ilé gba páànù líle lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n fi ṣe àgọ́ kékeré tí ènìyàn mẹ́fà lè wọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí kò ní ọgbà ń sá lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Irú ibùdókọ̀ bẹ́ẹ̀ kan wà ní Bethnal Green, àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ ní ìhà ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Wọn kò tíì kọ́ ọ parí, ọkọ̀ ojú irin kò tíì máa gba ibẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lè sùn sínú rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó ní. Ní ọdún 1941, ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá tí ó wà lókè wọn pé ẹnu ọ̀nà náà kò lágbára tó bí èrò bá rọ́ dé, pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn tún un ṣe. Àwọn ọ̀gá kọ̀. Wọ́n ní ìnákúnàá owó ni.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 1943, fèrè ìkìlọ̀ dún ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú 17. Ọkọ̀ òfurufú Bírítéènì ti ju bọ́ǹbù sí ìlú Bẹ̀líìnì ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, nítorí náà àwọn ènìyàn ń retí ẹ̀san. Òjò ti rọ̀, àtẹ̀gùn náà tutù, ó sì ń yọ̀. Òfin ogun kò gba iná títàn yòò, nítorí náà gílóòbù kékeré kan péré ni ó ń ṣẹ́jú lórí àtẹ̀gùn mọ́kàndínlógún tí ó lọ sísàlẹ̀. Kò sí irin ìdìmú láàárín rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ariwo ńlá kan tí wọn kò gbọ́ irú rẹ̀ rí bú jáde ní ìtòsí. Wọ́n rò pé bọ́ǹbù tuntun ni. Gbogbo wọn rọ́ lu ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà. Nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, obìnrin kan tí ó gbé ọmọ dání ṣubú. Ẹni tí ó tẹ̀lé e ṣubú lé e lórí. Ẹni ẹ̀yìn kò rí ẹni iwájú, wọ́n ń tì. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, nǹkan bí 300 ènìyàn ti há mọ́ ara wọn lórí àtẹ̀gùn náà.

Ènìyàn 173 ni ó kú: ọkùnrin 27, obìnrin 84, ọmọdé 62. Bọ́ǹbù kan kò balẹ̀ ní àdúgbò náà lálẹ́ ọjọ́ náà. Ariwo tí wọ́n gbọ́, ti àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ wọn ni, tí wọ́n ń yin ohun ìjà tuntun sí ojú òfurufú láti ọgbà Victoria Park tí kò jìnnà síbẹ̀.

Sísá kejì

Ibi tí ìtàn náà ti bá ìbéèrè ọmọ wa mu nìyí. Lẹ́yìn tí àwọn aláìní ti sá pamọ́, ó kan àwọn ọ̀gá láti sá pamọ́. Ìwé ìròyìn kò kọ́kọ́ lè dárúkọ ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀. Ìjọba ní kí adájọ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Laurence Dunne ṣe ìwádìí, ó sì parí rẹ̀ kí oṣù kẹta náà tó parí. Ṣùgbọ́n ìjọba fi àbọ̀ ìwádìí náà pamọ́ títí di oṣù kìíní ọdún 1945. Wọ́n ní kí ọ̀tá má baà gbọ́, kí ó sì yọ̀. A kò ní sọ pé kò sí òtítọ́ kankan nínú èyí, nítorí ogun ni ogun ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé ọdún 1941, tí àwọn kan kọ láti kìlọ̀ tí àwọn kan sì kọ̀ láti gbọ́, wà lábẹ́ aṣọ ìbora kan náà.

Nígbà tí òtítọ́ wà nínú ilé tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, irọ́ ń rìn kiri ní òde. Àwọn kan ń sọ pé àwọn Júù àdúgbò ni wọ́n dá ìpayà náà sílẹ̀. Dunne wádìí rẹ̀, ó sì rí i pé irọ́ gbáà ni. Ṣùgbọ́n inú àpótí ìjọba ni èsì rẹ̀ wà, nígbà tí ẹ̀gàn náà wà lórí àwọn aláìmọwọ́mẹsẹ̀. Àwọn tí ó padà sílé láìsí ìyàwó, láìsí ọmọ, kò mọ ẹni tí wọn yóò bi léèrè. Ní ọdún 1944, opó kan gbé ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ lọ sí ilé-ẹjọ́, ó sì jàre. Ọ̀pọ̀ àwọn mìíràn dákẹ́ ni, wọn kò sọ ọ́ fún ọmọ wọn pàápàá. Ọdún 2017 ni wọ́n tó parí ìrántí ńlá kan níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àwọn tí ó kú lára rẹ̀. Àwọn Yorùbá ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọjọ́ kan náà lè pẹ́ kí ó tó dé o, àwọn tí ó ń dúró dè é sì lè ti kú.

Ẹ wò ó, ẹ̀yin ìyá. Ìyá tí ó sá sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà. Ọ̀gá tí ó sá fún ẹ̀bi, ẹlòmíràn ni ó fi sílẹ̀ lóde kí ó lè rí ààyè wọlé. A rò pé ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà. Kì í ṣe sísá ni ó ń sọ ènìyàn di ojo. Ohun tí ó yẹ kí a wò ni ẹni tí ó kù sí òde nígbà tí a ti wọlé. Bí ó bá jẹ́ pé ara ẹlòmíràn ni a fi mọ ògiri ibi tí a forí pamọ́ sí, ibẹ̀ kì í ṣe ibi ìsádi. A ti ta ènìyàn ni.

Èyí tí ó kan àwa fúnra wa

A ti ṣèlérí láti sọ ìdí tí a kò fi rí oorun sùn. Ní ọdún 1984, a jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí a kò ní dárúkọ. Olùkọ́bìnrin kékeré kan wà pẹ̀lú wa tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ dé. "Àǹtí" ni ó ń pè wá. Òun ni wọ́n ní kí ó máa gba owó fọ́ọ̀mù ìdánwò lọ́wọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, lójú wa, ọ̀gá ilé-ìwé wọlé, ó ní kí ó yọ nínú owó náà fún òun, pé òun yóò dá a padà ní ìparí oṣù. Ọmọ náà kò lè sọ pé rárá fún ọ̀gá, kò sì ní kí ó kọ̀wé sílẹ̀. Oṣù parí, owó kò padà. Nígbà tí àwọn aláyẹ̀wò dé, ọ̀gá ní òun kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

Wọ́n pè wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwa mẹ́rin ni a mọ̀. Nígbà tí ó kàn wá, wọ́n béèrè ohun tí a mọ̀ nípa owó náà. A dáhùn pé, "Ọ̀rọ̀ owó kò sí lọ́wọ́ tiwa, kíláàsì tiwa ni a ń mójú tó." Ẹ wò ó dáadáa, kì í ṣe irọ́. Ìyẹn gan-an ni ó mú kí ó rọrùn láti sọ. Ọkọ wa kò níṣẹ́ lọ́wọ́ lọ́dún náà, ọmọ mẹ́ta wà nílé, owó oṣù olùkọ́ kì í jáde déédéé, ọ̀gá yẹn ni yóò sì kọ̀wé nípa wa kí wọ́n tó gbé wa ga lẹ́nu iṣẹ́. A rẹ orí sílẹ̀. Àwọn mẹ́ta yòókù náà rẹ orí sílẹ̀. Wọ́n ń yọ owó náà díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù ọmọ náà, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé-ìwé kan ní abúlé, níbi tí ọkọ̀ kì í dé lásìkò òjò.

Ó lé ní ọdún mẹ́wàá kí a tó tún fojú kàn án, níbi ìnáwó kan. A pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan, a bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Àǹtí, ẹ kò purọ́ mọ́ mi o. Òjò ń pa gbogbo wa ni. Ẹ kàn wọlé, ẹ ti ilẹ̀kùn, èmi sì wà lóde." Ó dárí jì wá, ó bá wa jẹun lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ ọmọ wa béèrè bóyá ẹni tí ó sá ṣe dáadáa, ohùn olùkọ́bìnrin yẹn ni a tún gbọ́.

Ẹlòmíràn lè ní, "Kí ni ẹ bá ṣe? Bí ẹ bá sọ̀rọ̀, ẹ ó pàdánù iṣẹ́, ọmọ mẹ́ta a sì sùn láìjẹun." Ọ̀rọ̀ gidi ni, a kò sì ní fi ṣeré. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó dákẹ́ ni ènìyàn búburú. Ẹni tí ó ń gbé ẹrù ọmọ lórí kò lè máa yọ orí sí gbogbo ọta ìbọn. Ṣùgbọ́n a ti ronú sí i láti ìgbà náà, a sì ti rí ohun kan. Àwa mẹ́rin ni a mọ̀, kò sì sí ọjọ́ kan tí a jókòó pọ̀ sọ ọ́ láàárín ara wa. Olúkúlùkù ni ó wá ibi tirẹ̀ forí pamọ́ sí. Bí a bá jọ wọlé lọ bá àwọn aláyẹ̀wò, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí a sọ gbólóhùn kan náà, ó ṣòro kí ọ̀gá kan tó rí gbogbo wa lé kúrò. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Atamátàsé tí ń ṣọ́ yàrà, orí kan ṣoṣo tí ó dá yọ ni ó rọrùn fún un láti yìn.

Ìbéèrè mẹ́ta

Nítorí náà, bí ó bá tún di ọjọ́ tí ọkàn wa sọ fún wa pé kí a sá, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè mẹ́ta.

Èkíní: kí ni a ń sá fún? Bí ó bá jẹ́ ikú, ìyà tàbí ọwọ́ ìkà, ẹ sá, ẹ má wẹ̀yìn. Bí ó bá jẹ́ ìtìjú nítorí ohun tí ọwọ́ wa ṣe, kò sí òrùlé tí ó lè bo ìyẹn. Bí owó ẹgbẹ́ bá dín lọ́wọ́ akápò, kí ó yára wí fún ẹgbẹ́ lọ́jọ́ tí ó rí i. Ìtìjú ọjọ́ kan sàn ju ẹ̀rù ọdún mẹ́ta lọ.

Èkejì: ta ni a mú dání, ta ni ó sì kù sí òde? Bí ọ̀dọ́bìnrin kan, ọmọ ọ̀dọ̀ kan, tàbí opó kan yóò ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ nítorí pé a dákẹ́, a kò tíì forí pamọ́. Orí tirẹ̀ ni a gbé sílẹ̀ dípò tiwa.

Ẹ̀kẹta: ìgbà wo ni a ó jáde? Ní Lọ́ńdọ̀nù, fèrè méjì ni wọ́n ń fọn. Èkíní ń lọ sókè sódò, ó ní kí wọ́n sá wọlé. Èkejì ń dún gbọọrọ láìyí ohùn padà, ó ní ewu ti kọjá, kí wọ́n jáde. Àwọn kan nínú wa gbọ́ fèrè kìíní ní ogún ọdún sẹ́yìn, wọn kò sì jáde mọ́. Ọ̀gá tí wọ́n bẹ̀rù ti fẹ̀yìn tì, òmíràn ti kú, ìdí tí wọ́n fi dákẹ́ ti tán, síbẹ̀ ẹni tí ó jìyà lọ́jọ́ náà ń dúró de ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu wọn. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà tí ó ń dúró dè wá, tí ó ṣì wà láàyè, ẹ jẹ́ kí a wá a lọ. Ó pẹ́ kí àwa tó lọ, a sì kábàámọ̀ pípẹ́ náà ju bí a ti kábàámọ̀ ẹ̀rù tí ó bà wá lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a pe ọmọ ọmọ wa kí ó tó lọ sí ilé-ìwé. A sọ ìtàn olùkọ́bìnrin náà fún un, a kò sì yọ ti ara wa kúrò nínú rẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú ìwé rẹ̀, ó kọ gbólóhùn méjì dípò ọ̀kan. Nínú èkíní, ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀, wọ́n sá fún òjò. Nínú èkejì, àwọn olùkọ́ kan sá, wọ́n fi ẹnì kan sílẹ̀. Ó ní kí a bá òun wo Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ bóyá ó tọ́. Ó tọ́.

Kí Ọlọ́run fún wa ní ọgbọ́n láti mọ ọjọ́ tí ó yẹ kí a sá, àti ọjọ́ tí ó yẹ kí a dúró. Bí a bá sì ti rí ibi wọ̀, kí ó fún wa ní ọkàn láti ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí òjò ṣì ń pa. Àmín. Ó tún di oṣù mẹ́ta òní o, kí ẹ̀mí wa gùn.